Ife kọfí kan, ìwé ètò méjì: ìmọ̀ràn fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣí ilé kọfí ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀

Ọmọ mi, mo ti ka ìwé ètò òwò tí o fẹ́ gbé lọ sí báǹkì. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, àwòrán pátákó ìta wà níbẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n máa kun ara ògiri náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó máa mu kọfí náà ni n kò rí. A kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i. Pa ìwé yẹn tì ná, kí o tún un kọ láti ìsàlẹ̀. Ìṣirò owó ni mo fi jẹun ní Àpápá títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ajégúnlẹ̀ ni mo sì ń padà lọ sùn lálaalẹ́. Ohun tí ojú mi rí ní ìhà méjèèjì ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

1. Yan ìhà kan.

Láti Wharf Road dé ọjà Boundary kò tó ohun tí ènìyàn ń dágbére fún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ, ìlú méjì ni wọ́n. Èbúté ló sọ Àpápá di ohun tó dà. Láti 1926 ni ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń rí ibi gúnlẹ̀ sí níbẹ̀, Tin Can Island sì wá kún un ní 1977. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, àjẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù, gbogbo wọn a dé láàárọ̀, wọ́n a sì lọ nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, o lè sun oorun sí ojú títì níbòmíràn níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má jí ọ.

Ajégúnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n a padà wọlé lálẹ́, alẹ́ yẹn gan-an ni Boundary, Mobil Road àti Ojo Road tó ń gbóná. Ọjọ́ tí Àpápá bá sùn ni Ajégúnlẹ̀ ń jí. Ẹni tó bá kọ ìwé kan ṣoṣo fún ìhà méjèèjì yóò sanwó iná àti owó òṣìṣẹ́ fún wákàtí tí kò sí oníbàárà. Bí ọkàn rẹ kò bá tíì mọ èyí tó fẹ́, kọ ìwé méjì, kí o wá fi wọ́n wé ara wọn.

2. Lọ dúró kí o kà.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mú bírò àti ìwé kékeré, kí o lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí o fẹ́ gbà. Lọ ní ọjọ́ Ajé, lọ ní ọjọ́ Ẹtì, lọ nígbà tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí o tún lọ nígbà tí oṣù bá ti há. Má ka ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Ẹni tó ń sáré lọ bá bọ́ọ̀sì kì í ṣe oníbàárà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dúró, tó ki ọwọ́ bọ àpò, tó ra nǹkan tí yóò mu tàbí tí yóò jẹ, òun ni kí o kà. Kọ iye tó san sílẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àbókì onítíì. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn. Kì í ṣe Café Neo tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Dozie dá sílẹ̀ ni ìwọ àti ẹ̀ jọ máa du oníbàárà ní Ajégúnlẹ̀. Àbókì ni, pẹ̀lú kẹ́tùlù, mílíìkì inú agolo, búrẹ́dì, ẹyin àti Indomie. Kò ní ìwé ètò kankan, ṣùgbọ́n ó mọ iye agolo mílíìkì tó ń ṣí lóru, ó mọ ẹni tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ àti ẹni tó ń jẹ gbèsè, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó kó igbá rẹ̀ nílẹ̀. Ra tíì lọ́wọ́ rẹ̀, bá a tàkúrọ̀sọ, kí o fojú ka iye agolo tó ṣí kí o tó dìde. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tí kò lè sọ iye ife tí wọ́n tà lánàá. Àbókì yóò sọ ọ́ fún ọ láì wòkè.

Ẹnìkejì tí ẹ jọ máa du oníbàárà tún kéré jù ú lọ: sáṣẹ́ẹ̀tì Nescafé tó so rọ̀ lẹ́nu kíóòsì. Ẹni tó bá ní omi gbígbóná nílé ti ní ilé kọfí.

3. Mọ ohun tí ò ń tà, nítorí kọfí nìkan kọ́.

Ní Àpápá, àga lò ń tà. Àjẹ́ńtì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹrù kan, ó ń retí ìwé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, wọ́n ní kó dúró dìgbà tí yóò padà. Níbo ni yóò dúró sí? Inú mọ́tò, tàbí abẹ́ ibòji ẹlòmíràn. Ẹni yẹn ń wá àga, ibi tó lè ki ṣájà bọ̀, ibi tó lè tẹ ìwé jáde, àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́. Kọfí ni owó ìwọlé tó máa san fún ọ.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ní nǹkan bí 1688, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Lloyd ní ilé kọfí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Tower Street tó wà nítòsí odò Thames. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun, olówò àti àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Lloyd kíyè sí i pé ìròyìn ni wọ́n ń wá: ọkọ̀ wo ló ti dé, èwo ló rì, èwo ló ń lọ sí ibo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìròyìn náà fún wọn. Orí tábìlì rẹ̀ ni àwọn tó ń dójútòfò ọkọ̀ ti ń pàdé àwọn tó fẹ́ dójútòfò, ibẹ̀ sì ni Lloyd's tí gbogbo ayé mọ̀ títí dòní ti ṣẹ̀. Èmi kò ní kí o lọ dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò sílẹ̀ ní Creek Road. Mo ní kí o gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri, kí o máa kọ orúkọ ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ lónìí sí i, kí o wo bóyá wọn kò ní wá kà á.

Àga tí ò ń tà yìí náà ló lè pa ọ́. Ká ní àga 16 lo ní, o sì ń ṣí fún wákàtí 9. Bí ẹnì kan bá fi ife kan jókòó wákàtí méjì, bí gbogbo àga bá kún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ife 72 ni òpin. Kò sí ilé tí àga rẹ̀ kì í ṣófo. Fi ìdajì sínú ìwé rẹ, ìyẹn 36. Di nọ́ńbà yìí mú, a ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, ohun tó gbóná, tó yá, tó sì ń dúró nínú ni wọ́n ń rà. Kọfí láìsí búrẹ́dì àti ẹyin kò ní rí ojú rere ẹni tó ti dúró nínú oòrùn láti àárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti pápá Maracana, níbi tí Odion Ighalo ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ohun tútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Fi kọfí sínú yìnyín kí o dán an wò fún wọn. Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ náà wà níbẹ̀, wákàtí méjì ni èrò fi ń jókòó síbẹ̀, oorun sì ń kùn wọ́n.

4. Ṣí ife kan wò títí dé ìsàlẹ̀.

Gbogbo iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Ìwọ ni kí o lọ bá ọjà kí o mú iye gidi wá.

Kílò kọfí lílọ̀ kan, bí o bá ń fi gíráàmù 12 sí ife kọ̀ọ̀kan, yóò bọ́ sí ife 83. Ṣùgbọ́n kọfí máa ń dànù, òmíràn a sá, òmíràn ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò mu ún lọ́fẹ̀ẹ́. Fi 75 sínú ìwé. Bí kílò náà bá jẹ́ 30,000 náírà, kọfí inú ife kan ti jẹ́ 400. Mílíìkì, ṣúgà, gáàsì, omi àti ife fúnra rẹ̀, ká pe gbogbo wọn ní 250. Ife kan ti ná ọ ní 650. Bí o bá tà á ní 1,500 ní Àpápá, 850 ló ṣẹ́ kù.

Kì í ṣe èrè. Ibí yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣubú. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó òṣìṣẹ́ (rántí pé owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 láti oṣù keje 2024), owó iná, owó ìkólẹ̀ LAWMA, owó ẹ̀ṣọ́, gbogbo wọn ń bọ̀ yálà o ta ife kan tàbí o kò tà. Ká ní 650,000 ni wọ́n lóṣù. Pín in sí 850: ife 765. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló wà nínú oṣù Àpápá, nítorí Sátidé wọn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ife 35 lójúmọ́ ni yóò kàn jẹ́ kí o má jẹ gbèsè. Wàyí o, mú nọ́ńbà tí mo ní kí o dì mú: 36. Ife kan ṣoṣo ló wà láàárín ìwọ àti ọ̀fìn. Ìyẹn ló fi yẹ kí o ta nǹkan mìíràn fún ẹni tó ti jókòó: mítípáì, ìwé títẹ̀, ife kejì ní ẹ̀dínwó.

Wo ìhà kejì. Ní Ajégúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré, ìwọ fúnra rẹ lò ń po kọfí, ká ní ìnáwó oṣù jẹ́ 150,000, kí ohun tó ń ṣẹ́ kù lórí ife sì jẹ́ 150. Ife 1,000 lóṣù. Ọgbọ̀n ọjọ́ lo fi ń ṣí: ife 34 lójúmọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Àpápá! Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ fún oṣù kan tí kò sí ẹni tó wá, 150,000 ni ìhà kan yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, 650,000 ni ìkejì. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún tí o jẹ́, mo mọ èyí tí màá kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́.

5. Kọfí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ.

Ní oṣù keje 1975, òtútù pa oko kọfí ní Brazil, nígbà tó fi máa di 1977, owó kọfí ti fò sókè dé ibi tí kò dé rí. Ó tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kó tó tún kọjá ibẹ̀, ní ìparí 2024. Ní oṣù kejì 2025, pọ́n-ùn kan kọfí Arabica ti ju dọ́là 4 lọ. Dọ́là náà ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, kò tíì tó 500 náírà ní báǹkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti ju 1,500 lọ.

Nítorí náà, má kọ iye kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ. Kọ mẹ́ta: ti òní, ti ìgbà tí nǹkan bá le díẹ̀, ti ìgbà tó bá le gan-an. Mú àpẹẹrẹ wa tẹ́lẹ̀. Bí kílò bá kúrò ní 30,000 tó di 45,000, ife 35 yẹn ti di 46. Àga rẹ kò sì pọ̀ sí i.

Wo ilẹ̀ tiwa náà. Kọfí ń hù ní Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ó ń hù ní ilẹ̀ Okun lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kàbbà àti Ìjùmú. Ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, CRIN, kọfí wà lára iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ni Robusta, tó le lẹ́nu, tó korò, tó sì ń gba mílíìkì dáadáa. Fún oníbàárà tí mílíìkì agolo ti mọ́ lára, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ohun tí o máa wádìí ni bóyá ẹni tó ń tà á fún ọ lè fún ọ ní irú kan náà ní oṣù mẹ́fà sí i. Bèèrè àpẹẹrẹ, sè é, kí o fún àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ mu. Ìyá rẹ yóò ní ó dùn, má ka tiẹ̀ sí.

6. Iná àti omi.

Ẹ̀rọ espresso olórí méjì tí o fi àwòrán rẹ̀ sínú ìwé lè fa kílówáàtì 3 sí 4. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I pass my neighbour kò tó kílówáàtì kan. O ti rí ohun tí mo ń sọ. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní 68 náírà lọ sí 225 lórí kílówáàtì wákàtí kan. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan ní oṣù karùn-ún 2023 ti súnmọ́ 1,000 ní oṣù kẹwàá 2024. Kí o tó san owó ilé, lọ bá àwọn tó wà lójúlé kan náà, kí o ní kí wọ́n fi ìwé iná hàn ọ́. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu àjẹ́ńtì ilé gbọ́.

Gáàsì, ìkòkò, asẹ́ àti ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè po kọfí tó dára. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá lè dé nígbà tí owó rẹ̀ bá ti jáde láti inú ife.

Omi ló pọ̀ jù nínú kọfí, o kò sì mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ rárá. Omi kànga ẹ̀rọ ní agbègbè wa, òmíràn ń pọ́n bí ìpẹtà, òmíràn ní iyọ̀. Mẹ́rúwà yóò gbé kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ṣùgbọ́n ṣé o mọ ibi tó ti pọn ún? Fi owó asẹ́ omi sí ìwé, kí o sì ka iye kẹ́ẹ̀gì tí ò ń lò lójúmọ́ mọ́ ìnáwó.

7. Ilé, òfin, àti owó tí kò ní rìsíìtì.

Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì kan ibi òwò. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ agbègbè mẹ́rin sílẹ̀: Ìkòyí, Victoria Island, Ikeja GRA, àti Àpápá. Nítorí náà, ní Ajégúnlẹ̀ o ní òfin tí o lè tọ́ka sí, bí onílé tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín. Ní Àpápá, òfin yẹn kò dáàbò bò ọ́. Onílé lè béèrè owó ọdún méjì láì ṣẹ̀. Kọ ọ́ sínú owó ìbẹ̀rẹ̀, kí o fi owó àjẹ́ńtì àti owó àdéhùn kún un.

Forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC. Láti ìgbà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ òwò lásán tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Wolé-wolé yóò wá. Ìwé àyẹ̀wò ara àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ife tí wọ́n ń lò tán tí wọ́n ń sọ nù náà ti di ọ̀ràn: ìjọba Èkó fòfin de stáírófóọ̀mù ní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì gbé òfin àwọn ike àlòsọnù kalẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025. Ife tanganran àti ife bébà, fi iye wọn sí i.

Àwọn ọmọ àdúgbò náà wà. O kò ní kọ orúkọ wọn sí ìwé tí ò ń gbé lọ sí báǹkì, ṣùgbọ́n nínú ìwé tìrẹ, kọ iye tí wọ́n máa gbà.

8. Má fi ìyà ẹlòmíràn ṣe ìpìlẹ̀ òwò rẹ.

O kọ ọ́ pé àwọn awakọ̀ tírélà tó há sójú ọ̀nà ni oníbàárà rẹ. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ì bá jọ òótọ́, nígbà tí wọ́n ń sùn sórí afárá. Láti oṣù kejì 2021 tí wọ́n ti gbé ètò ìpè tírélà orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò dé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló yẹ kí tírélà ti máa dúró de ìpè. Oníbàárà tó jẹ́ pé wàhálà ló so ó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ, ọjọ́ tí wàhálà bá tán ló ń lọ. Èbúté Lekki náà ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹrin 2023. Àpápá kò ní kú, mo dá ọ lójú, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní òpópónà tí o fẹ́ gbà bóyá wọ́n ń ronú àtikó lọ.

9. Owó.

Owó tìrẹ ṣáájú, àjọ tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ̀lé ìyẹn. LSETF tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2016 ń yá oníṣòwò kékeré lówó. Lọ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Báǹkì gbẹ̀yìn. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì tó máa yá ọ sì gbọ́dọ̀ lé tiẹ̀ lórí ìyẹn. Ilé kọfí tó ń fi ife kan ṣoṣo sá fún gbèsè kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Kọ owó oṣù tìrẹ sínú ìnáwó. O kò kọ ọ́. Bí o kò bá kọ ọ́, inú igbá owó ni ìwọ yóò ti máa mú un, o kò sì ní mọ̀ pé òwò náà ń kú. Kí ìnáwó oṣù mẹ́fà wà nílẹ̀ kí o tó ṣílẹ̀kùn.

10. Kọ ọjọ́ tí o máa tì í.

Ojú ìwé yìí ni gbogbo ọ̀dọ́ ń fò. Kọ iye tí o lè pàdánù, kí o kọ oṣù tó máa dé sí. Bí ó bá di oṣù kẹsàn-án tí ife kò tíì pé 35 lójúmọ́, kí ni o máa ṣe? Ṣé wàá dín àga kù, ṣé wàá kó lọ sí Boundary, àbí wàá ta ẹ̀rọ kí o san owó àwọn òṣìṣẹ́? Yan ọ̀kan nísinsìnyí tí ara rẹ balẹ̀. Kí o fún ẹnì kan tí kì í bẹ̀rù rẹ ní ẹ̀dà ojú ìwé náà, kó lè gbé e síwájú rẹ ní oṣù kẹsàn-án. Àbúrò ìyá rẹ tó ń ta aṣọ ní Boundary dára fún iṣẹ́ náà. Kì í gba àwáwí.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti ka ẹsẹ̀ àti láti wádìí iye ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀, mú ìwé tuntun náà wá, pẹ̀lú ìwé kékeré tí o fi kà wọ́n, ìyẹn ni màá kọ́kọ́ ṣí.